Òkúta Ìfúnróró Tí Mo Wọ́ Kúrò Lóko Yamna

Ẹ sún mọ́ ibùsùn mi, ẹ̀yin ará abúlé. Bouzid, àna mi, má ṣẹ́jú sí mi mọ́. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mo máa gbé e wọ sàréè ni. Òkúta tó wà lóko mi, tí gbogbo yín ń pè ní òkúta Lamri, èmi kọ́ ni mo ni ín. Mo jí i ni.

Ẹ mọ bí a ṣe ń pín omi lórí òkè yìí. Oko tí òkúta ìfúnróró àwọn ará Róòmù bá wà ló ń kọ́kọ́ gba omi, torí àwọn bàbá wa gbà pé àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ yẹn ló la ọ̀nà omi síbẹ̀. Oko Yamna opó ni òkúta yìí wà tẹ́lẹ̀, láàárín igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀. Lọ́dún kan, òjò dídì wó ògiri ààlà oko èmi àtiẹ̀. Yamna lọ tọ́jú Warda ọmọ rẹ̀ tó bímọ nílùú Batna. Kó tó dé, èmi àti Bouzid ti fi ìbaaka wọ́ òkúta náà sọ́dọ̀ mi, a sì tún ògiri mọ. Ẹ ò rí ìwà ìkà!

Nígbà tó dé, ó figbe ta: “Lamri, ọmọ ìyá mi! Orí òkúta yìí ni ìyá ọkọ mi ti ń lọ iyọ̀. Àbí ó lẹ́sẹ̀ ni?”

Mo ní, “Ìyá Warda, ogbó ti dé o!” Ẹ̀yin náà bá mi rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà làwọn tó ń ṣèwádìí ahoro àtijọ́ dé. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá wọn wò ó títí, ó ní, “Bàbá, ojú ibi tí òróró ń gbà ṣàn kọ sí òkè. Ṣé ibí ló ti wà látilẹ̀?” Òmùgọ̀ bíi tèmi, mo ti gbé e kalẹ̀ sódì! Mo gbọ́wọ́ lé òkúta, mo fi Ọlọ́run búra níwájú Yamna pé ibẹ̀ ló ti wà. Lọ́dọ̀ wa, bí èèyàn bá ti búra, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Èyí tó burú jù ló kù. Omi ò tètè dé oko Yamna mọ́, igi ọ̀pọ̀tọ́ rẹ̀ sì gbẹ láìku ẹyọ kan. Kò lọ́kùnrin nílé, èmi ló wá bẹ̀ pé kí n bá òun gé wọn fi dáná. Mo gé wọn. Ó ṣe búrẹ́dì, ó da òróró lé e, ó ní, “Jẹun, Lamri. Ìwọ nìkan ló dá mi lóhùn.” Mo jẹ ẹ́. Mo tún ní kó bù sí i. Ojú tì mí o, ojú tì mí!

Yamna ti kú. Warda, ìwọ lo jókòó sẹ́nu ọ̀nà yẹn, mi ò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí lónìí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ mú ìbaaka wá. Ẹ wọ́ òkúta náà padà, kí ẹ kọjú rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bó ṣe yẹ, kí Warda máa kọ́kọ́ gba omi. Ẹ má dúró dìgbà tí mo bá kú. Ẹ gba ẹ̀gbẹ́ ilé mi kọjá, kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ bó ṣe ń lọ.