Ọ̀nà Oko Tí Mo Pè Ní Iṣẹ́ Ọwọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun, kò lọ sísàlẹ̀, kò sì bọ́ síta. Àwọn ìyá ìjọ wa ní kí n wá bá àwọn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, lórí bí a ṣe ń tọ́jú ìyá ọkọ. Èmi! Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ ọ́, oúnjẹ kò dùn lẹ́nu mi mọ́.

Aláró ni mí, l'Áyédé-Èkìtì níbí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mò ń ṣe. Màá fi láfún se ẹ̀kọ títí yóò fi ki, màá fi ìyẹ́ adìẹ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun, màá sá a, màá wá rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kì í mú un. Tí mo bá ha ẹ̀kọ náà kúrò, iṣẹ́ á yọ ní funfun.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọjọ́ ogbó ti dé, iyè wọn sì ń ṣá díẹ̀díẹ̀. Wọ́n máa ń fi orúkọ ẹ̀gbọ́n wọn tó ti kú pe ọkọ mi, wọ́n sì máa ń kí òbúkọ aládùúgbò wa bí ẹni kí àlejò. Àmọ́ wọ́n ní agbọ̀n kan tí wọ́n ń gbé lọ oko nígbà ọmọge, l'Órin-Èkìtì, kó tó di pé wọ́n ṣe ìyàwó wá sí Ayédé. Tí agbọ̀n yẹn bá ti wà lórí itan wọn láàárọ̀, ó parí. Wọ́n á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n á máa kọrin jẹ́jẹ́, gbogbo àgbàlá á sì dákẹ́ rọ́rọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, aládùúgbò yá agbọ̀n náà láti fi kó máńgòrò, kò tètè dá a padà. Ọjọ́ náà kò dáa tẹ́lẹ̀. Iná ò sí, omi ti tán nínú dúrọ́ọ̀mù, ewúrẹ́ ti jẹ nínú láfún mi, bàbá Tómi, ọkọ mi, sì ń pariwo pé òun ò rí ṣẹ́ẹ̀tì òun. Inú rògbòdìyàn yẹn ni Màmá ti dìde.

"Agbọ̀n mi dà? Mo fẹ́ relé o. Ulé jìn!"

Wọ́n tú ilé, wọ́n tú yàrá ìkẹ́rùsí, wọ́n ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú ẹ̀kọ mi, wọ́n sì fi ìka ya aṣọ tí mo tẹ́ sórí tábìlì. Ìlà gígùn kan ni wọ́n fà. Ó lọ, ó lọ, ó yí nǹkan kan po, ó tún ń lọ, kó tó wá dúró sínú òbìrí kan.

Mo kígbe mọ́ wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, mo kígbe mọ́ ìyá ọkọ mi bí ẹni ń lé adìẹ. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sílẹ̀ tí mo sunkún. Nígbà tí ẹ̀kọ náà gbẹ, ìbínú ni mo fi ju aṣọ náà sínú aró.

Ìgbà tí mo fà á yọ, tí mo ha á, tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ lórí okùn, ẹnu mi ya. Ó dà bí ohun tí èèyàn rí lójú àlá tí kò lè ròyìn nígbà tó jí. Olùkọ́ yunifásítì kan tó wá láti Òyè dúró níwájú rẹ̀ pẹ́.

"Ìyá Tómi, kí lẹ rò tí ẹ fi ya eléyìí?"

Mo la ẹnu mi, mo ní, "Wàhálà ilé mi ni mo yà sára aṣọ. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i." Obìnrin náà pàtẹ́wọ́. Irọ́ yẹn dùn lẹ́nu mi ju iyán lọ, ọmọ Èkìtì ló sì ń sọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó rí aṣọ náà ní kí n ṣe sí i. Mo mú ìyẹ́ adìẹ, mo yà á, mo tún un yà, òkú iṣẹ́ ló ń jáde. Aládùúgbò ti dá agbọ̀n padà, Màmá sì wà lábẹ́ máńgòrò tí wọ́n gbá a mọ́ra, ara wọn balẹ̀, wọn ò fọwọ́ kan nǹkan kan.

Bí mo ṣe gbé agbọ̀n náà pamọ́ sẹ́yìn àpò gàrí nìyẹn.

Mo tẹ́ aṣọ sí ibi tí wọ́n máa gbà kọjá, mo gbé ẹ̀kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wá jókòó. "Ìyàwó, agbọ̀n mi dà?" Mo ní n kò rí i. Wọ́n wá a títí, wọ́n sì tún ya ìlà yẹn. Nígbà mìíràn, omi á máa bọ́ lójú wọn bí wọ́n ṣe ń yà á. Èmi á máa wo ìka wọn, inú mi á sì máa dùn. Kí Ọlọ́run foríjì mí, inú mi dùn gan-an.

Tí wọ́n bá ti ṣe tán, màá gbé agbọ̀n náà jáde. "Màmá, ẹ wò ó, mo ti rí i!" Wọ́n á gbà á, wọ́n á sì gbàdúrà fún mi. "Ulé rẹ á tòrò, ìyàwó mi." Àdúrà yẹn ló ń dùn mí jù lónìí.

Mo ṣe é pẹ́. Aṣọ mi gbajúmọ̀. Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n sọ ìbínú wọn di iṣẹ́ ọnà. Ọkọ mi ń fi mí yangàn káàkiri pé ìyàwó òun mọ ìyá òun tọ́jú.

Láìpẹ́ yìí, Ìyá Orin, àbúrò Màmá, gbé iṣu wá kí wa. Wọ́n rí aṣọ lórí okùn, wọ́n sì dúró. Wọ́n fi ìka tọ ìlà náà.

"Ọ̀nà oko bàbá wa rèé. Ibi tí a ti ń sọdá odò rèé. Ìdí ìrókò rèé, a à gbọdọ̀ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ẹ̀yìn là ń gbà. Ulé rèé." Wọ́n ní wọ́n ti gé ìrókò náà, ẹ̀gẹ́ ló wà níbẹ̀ báyìí. "Ta ló ṣe uṣẹ́ yìí?"

"Èmi ni, Ìyá Orin."

"Ìwọ? Ìwọ tí o ò dé oko wa rí?"

Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n lọ, mo gbé agbọ̀n náà lé Màmá lórí itan, mo búra nínú mi pé n kò ní gbé e pamọ́ mọ́ láé. Wọ́n yí i síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. "Agbọ̀n ta rèé? Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín." Láti ọjọ́ náà, wọn ò wá nǹkan kan mọ́, wọn ò sì kọrin. Tí mo bá gbé ẹ̀kọ sí iwájú wọn, wọ́n á kàn máa wò ó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún ọkọ mi? Ṣé kí n dúró níwájú àwọn ìyàwó tuntun yẹn kí n jẹ́wọ́ ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ra aṣọ náà lọ́wọ́ mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, kí ẹnì kan yá mi ní tirẹ̀. Mo fẹ́ tẹ́ ẹ sórí itan Màmá, bóyá ìka wọn á tún mọ ọ̀nà. Gbogbo rẹ̀ ni mo tà, títí kan èyí tí Ìyá Orin rí lórí okùn, n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún wọn.