Oṣù Kẹjọ Tí Láwùmí Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

Ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú Ọ̀jọ̀gbọ́n Láwùmí Ògúnjìmí láti ọdún mọ́kàndínlógún kò gbà á láyè mọ́. Ó ti tó àkókò kó jáde, kó sì jáde níwájú àwọn tó ń fi í yangàn. Láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń ṣe sẹ́mínà, ó wakọ̀ jáde nílé rẹ̀ ní Bódìjà, ṣùgbọ́n kò tíì kọjú sí yunifásítì. Àdúgbò Challenge ló kọ́kọ́ gbà lọ, níbi tí Adégbénró ti ń tún fíríìjì ṣe.

Àwọn kòkòrò àìfojúrí inú òkun ni iṣẹ́ Láwùmí, àwọn tó ń jẹ òkú ẹja àti ewé títí yóò fi jẹrà tán. Bí kì í bá ṣe tiwọn ni, òkú ì bá ti kún inú òkun bámúbámú. Ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, Adégbénró ni òṣìṣẹ́ láàbù rẹ̀. Odindi ọdún kan ni àwọn méjèèjì fi ń lọ bu omi létí òkun Badagry lóṣooṣù, kí wọ́n lè mọ ìgbà tí àwọn kòkòrò náà ń pọ̀ àti ìgbà tí wọ́n ń dín kù. Iṣẹ́ gidi ni, oṣù mọ́kànlá inú rẹ̀ kò lábùkù. Oṣù kẹjọ ló bàjẹ́. Ọkọ̀ dákẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, yìnyín tí wọ́n fi ń mú omi náà tutù yọ́, omi náà gbóná, kò sì wúlò mọ́. Adégbénró ní kí àwọn fi oṣù náà sílẹ̀ lófìfo. Láwùmí kọ̀. Ó rò ó pé òjò ń gbá pàǹtírí wọ òkun, àwọn kòkòrò náà kò ní ṣàì pọ̀ sí i. Ó jókòó, ó kọ iye tó wù ú síbẹ̀. Ìwé ìwádìí tó gbé jáde lórí iṣẹ́ náà sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Èyí tó burú jù ṣì wà lẹ́yìn. Nígbà tí onímọ̀ kan láti òkè òkun béèrè àkọsílẹ̀ oṣù yẹn, Láwùmí fèsì pé Adégbénró ló sọ ọ́ nù. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní kúẹ̀rì, wọ́n sì lé e. Ó wá bá a ní ọ́fíìsì, kò pariwo, ó kàn bi í bóyá ó rántí pé òun ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Láwùmí ní òun ń lọ sí ìpàdé.

Qonitah ló tú gbogbo rẹ̀ fó láìmọ̀. Ọmọ àdúgbò Àgbówó yìí, tí Láwùmí ń bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀, bu omi ní Badagry fún ọdún méjì. Nínú oṣù kẹjọ méjèèjì, omi òkun tutù, àwọn kòkòrò náà sì dín kù gidigidi. Nítorí pé èyí ta ko ti Láwùmí, ó fẹ́ yọ oṣù náà kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀.

“Èmi ni mo ṣì í, mà,” ni ó wí. “Tiyín ò lè jẹ́ irọ́.”

Nígbà tó dé Challenge láàárọ̀ ọjọ́ sẹ́mínà náà, Láwùmí kúnlẹ̀ láàárín àwọn fíríìjì, ó ń bẹ̀bẹ̀. Adégbénró gbọ́ ọ títí ó fi parí.

“Dókítà, mo ti gbọ́. Ṣùgbọ́n ibí kọ́ lẹ ti parọ́ mọ́ mi.”

Wọ́n jọ lọ sí yunifásítì ni. Láwùmí dìde níwájú gbogbo sẹ́mínà, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò bu iyọ̀ sí i. Ó ní òun ti kọ̀wé sí àwọn tó tẹ ìwé náà jáde pé kí wọ́n fà á padà. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí Qonitah, ó ní láti ọgbọ̀n ọdún tí òun ti ń kọ́ni, iṣẹ́ kankan kò tíì wú òun lórí tó báyìí. Ó bẹ Adégbénró kó dìde kí gbogbo ènìyàn rí i. Ọkùnrin náà na ẹ̀wù rẹ̀ tó há, ó dúró ṣánṣán.

“Ẹ foríjì mí, ẹ̀gbọ́n,” ni Láwùmí wí.

Adégbénró ní ìdáríjì yóò wá nígbà tó bá fẹ́ wá, àmọ́ òun yóò gbórí sókè délé lónìí.

Láwùmí yíjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ojú kò tì í mọ́.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, bí oṣù kan bá ṣófo nínú ìwé yín, ẹ jẹ́ kó ṣófo.”