Bí Mo Ṣe Dá Rodica Dúró

Ivano ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀. Rodica, jókòó, ọbẹ̀ á dúró dè ọ́. Mi ò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rin tó ti ń jẹ mí nínú.

Rodica, nígbà tí o dé láti orílẹ̀-èdè Moldova wá tọ́jú mi, wọ́n ti ti ilé ìwé abúlé wa orí òkè yìí pa. Àwọn ọmọ wa ti kó lọ sí ìlú ńlá Torino, àwa arúgbó nìkan là ń yọjú síra wa lójú fèrèsé. Àfi bí o ṣe wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín! O wo fọ́tò ọkọ mi lára ògiri, o ní, "Màmá, kí ló dé tí ojú Bàbá rí bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sínú ilé?" Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Áà, àárò ọjọ́ wọ̀nyẹn ń sọ mí! A jọ ń po ìyẹ̀fun mọ́ ẹyin, a jọ ń bó ẹ̀wà lójú fèrèsé, o ń di irun funfun mi, o ń kọrin ìlú yín sí mi létí.

Ìgbà náà ni àbúrò rẹ pè pé ìyá yín ń kú lọ. "Ó ní kí o wá, kí òun fọwọ́ kan ojú ẹ." Sọ́ńdè Sọ́ńdè ni bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú yín máa ń gbéra. Ivano, ìwọ náà rántí ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù: "Màmá, ẹ má jẹ́ kó lọ o! Ta ló máa wẹ̀ yín? Ṣé èmi tí mo wà ní Torino ni?" Mi ò di ẹ̀bi rù ọ́. Èmi ni mo ṣe é.

Rodica, o ti wọ kóòtù, báàgì rẹ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo rọra yọ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, mo na ara mi sórí ilẹ̀ tútù, mo figbe ta. Nǹkan kan ò ṣe mí! Èmi ọ̀dájú, ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún, mò ń ṣe bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ já lẹ́nu ọmú. O sáré wọlé, o gbé orí mi lé itan rẹ. "Màmá, ẹ má bẹ̀rù, mi ò lọ mọ́." Mo gbọ́ tí o ní kí awakọ̀ bọ́ọ̀sì máa lọ, inú mi sì dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn.

Lọ́jọ́rú, ìyá rẹ kú. O sunkún ní kíṣìnì kí n má baà gbọ́, lẹ́yìn náà o wá fọ ẹsẹ̀ mi.

Dárí jì mí, bí o bá lè ṣe é. Bàbá rẹ ṣì wà láàyè, o ní ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Sọ́ńdè ọ̀la yìí, wọ ọkọ̀. Ivano á dúró tì mí; bí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń wẹ arúgbó, á kọ́ ọ. Tí o bá dé ẹnu ọ̀nà, tí o gbọ́ igbe mi, má bojú wẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ pé lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ ni mò ń kú. Ṣáà máa lọ.