Àpótí Tí Mo Jókòó Lé

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má tilẹ̀kùn. Ẹ jẹ́ kí gbogbo àdúgbò gbọ́, torí òtítọ́ yìí ti jẹrà sínú mi fún ọdún mẹ́sàn-án, mi ò fẹ́ gbé e wọ kòtò. Aránṣọ, ìwọ tí o jókòó síbi ẹsẹ̀ mi yìí, àti ìwọ Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin méjèèjì ni mo ṣẹ̀. Ẹ ṣáà rántí ìgbà tí pálọ̀ mi jẹ́ yàrá ìkẹ́rùsí. Ọkọ̀ ńlá ò lè wọ àdúgbò wa tó há bí ihò imú, nítorí náà wọn á já ẹrù gbogbo ojúlé sọ́dọ̀ mi láàárọ̀, Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi á sì fi kẹ̀kẹ́ tó ń fẹsẹ̀ wà pín in, láìsí epo, láìsí èéfín. Òfin kan ló wà: bí ó bá kanlẹ̀kùn tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, kó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ẹrù, kó dá a padà sọ́dọ̀ mi.

Aránṣọ rán aṣọ kan fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ pé kí n gbé ẹrù, aṣọ ya gbàràgàdà. Mo gbé e padà lọ bá a lójú àwọn oníbàárà. Ó ní, “Ìyá àgbà, òwú mi ò lẹ́ṣẹ̀. Ìdí yín yìí, ó yẹ kó ní nọ́ńbà ojúlé tirẹ̀!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Irọ́ kọ́ ló pa, bí mo bá fẹ́ jókòó, àga á kọ́kọ́ gbàdúrà. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọ egungun. Nígbà tí àpótí kékeré kan dé lórúkọ rẹ̀, mi ò fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ìdí tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà ni mo fi jókòó lé e. Orí mi burú!

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Aránṣọ sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. “Ìyá àgbà, ẹ gbà mí! Oògùn ikọ́ fée ọkọ mi ni. Tilé ti tán.” Mi ò mọ̀ pé oògùn ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde, á rí i. Mo ní, “Ó wà nínú kẹ̀kẹ́, ó ń bọ̀.” Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àpótí náà. Mi ò dìde. Mo ní lọ́kàn mi pé bí ó bá ti jáde, màá fi ránṣẹ́. Kò tíì délé tán tí igbe fi sọ: ọkọ rẹ̀ ti kú. Ìgbà yẹn ni mo wá dìde. Mo mú ṣọ́ọ̀kì, mo fa ìlà sára àpótí.

Ọ̀gá tó ni kẹ̀kẹ́ dé, ó bi Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi pé, “Ṣé o kanlẹ̀kùn?” Ó ní, “Ọ̀gá, mi ò fojú kan àpótí yìí rí. Ẹ bi Màmá.” Ó wò mí bí ọmọ ṣe ń wo ìyá rẹ̀. Mo ní, “Òun ló dá a padà.” Aránṣọ kò sì kúrò nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni kanlẹ̀kùn; ta ni yóò gba ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ gbọ́? Wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ń pè é ní apààyàn títí dòní.

Dókítà ní ẹsẹ̀ mi ò ní gbé mi dìde mọ́. Aránṣọ, mi ò lẹ́nu ẹ̀bẹ̀. Ẹsẹ̀-Ò-Sinmi, mi ò ní kí o dárí jì mí. Ẹ̀yin aládùúgbò ni mo bẹ̀: ẹ dá orúkọ rẹ̀ padà fún un, kí n fojú mi rí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó lé ohun ẹlòmíràn, ẹsẹ̀ yín ṣì lè gbé yín. Ẹ dìde.