Apá Tí Mo Nà ní Irin Kẹjọ

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àtẹ́wọ́ yẹn dúró ná. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ fi orúkọ mi sọ pápá yìí, èmi náà sì ti múra wá bí ìyàwó, ṣùgbọ́n kí ẹ tó ṣí aṣọ lójú pátákó yẹn, ẹ gbọ́ tẹnu mi.

Ẹ má rò pé mo fẹ́ sọ pé mi ò mọ eré sá o. Mo mọ̀ ọ́n sá! Káàkiri ayé ni mo ti sáré fo irin ìdènà, tí àwọn tó ga jù mí lọ ń wo ẹ̀yìn mi. Góòlù tó wà nílé mi, ojúlówó ni. Ọ̀nà tí mo gbà débẹ̀ ni kò mọ́.

Lẹ́pa tó ń kọ́ àwọn ọmọ yín léré ló jókòó sẹ́yìn yẹn. Ọ̀dọ̀ Kóòṣì kan náà la ti kọ́ṣẹ́, àbúrò mi ni. Ẹsẹ̀ òsì ni mo fi ń ṣíwájú lórí irin, òun ń fi tọ̀tún. Tí mo bá wà lápá òsì rẹ̀, apá wa á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbára wọn. Ìdí nìyẹn tí Kóòṣì fi máa ń pariwo pé, "Ẹ yà fún ara yín! Kí kálukú di etí ìlà ẹ̀ mú!" A sì máa ń yà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan ṣoṣo lọ sáré lókè òkun, ìlà wa tún fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́. Ní irin kẹjọ, Lẹ́pa ti gba iwájú mi. Mo rí i pé ó ti lọ nìyẹn. Mi ò yà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ na apá mi, mo gbá a lọ́wọ́. Ó kọlu irin, ó ṣubú, orúnkún rẹ̀ fọ́. Mo gbọ́ igbe rẹ̀, mi ò bojú wẹ̀yìn. Ìkà ni mí!

Gbogbo èèyàn ní èèṣì ni. Mo lọ kí i nílé ìwòsàn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Èmi ni mi ò yà tó. Díẹ̀ ló kù kí n ba tiyín náà jẹ́." Ẹ gbọ́ ohun tí èmi ọ̀dájú fi dá a lóhùn: "Kò burú. Mo ti dárí jì ẹ́."

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Àná ló bá tèmi. Mo yọjú sí pápá yìí, mo gbọ́ tí Lẹ́pa ń sọ fún àwọn ọmọ pé, "Ẹ máa yà fún ara yín o. Èmi ò yà, ẹ wo orúnkún mi."

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sáré, kẹ́ ẹ sì borí, ṣùgbọ́n ẹ má na apá sí ẹnikẹ́ni. Lẹ́pa, ìdáríjì tí mo fún ẹ yẹn, èmi ló yẹ kí n tọrọ ẹ̀. Mo ń tọrọ ẹ̀ báyìí. Tó o bá ní o ò fún mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n lọ́la, tí àwọn ọmọ yìí bá dé, sọ òótọ́ fún wọn. O yà, àbúrò mi. O yà.