Ohùn Tó Ń Pe Àjọkẹ́ ní Pápákọ̀ Òfurufú

Nínú ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ tí a wọ̀ l'Ọ́yọ̀ọ́ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu Àlàájà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé àti bàbá arúgbó tó jókòó tì í.

“Bàbá, abúlé tí wọ́n bí mi sí ni pápákọ̀ òfurufú tí bàálù wa balẹ̀ sí yẹn tẹ́lẹ̀. Inú yàrá la sin ìyá mi sí, kí wọ́n tó ní ká kó kúrò.”

“Mo mọ̀ ọ́n. Èmi wà lára àwọn tó da ọ̀dà lé e. Ibi tí gíláàsì ń dán báyìí, oko ẹ̀gẹ́ ni.”

“Bí bàálù wa ṣe balẹ̀, ohùn ìyá mi ni mo gbọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. ‘Àjọkẹ́! Àjọkẹ́!’”

Bàbá yíjú sí i.

“Ẹ̀yin gan-an ni Àjọkẹ́? Kò sí bàálù tó balẹ̀ níbẹ̀ tí ohùn yẹn kì í pè yín. Gbogbo àwa òṣìṣẹ́ la gbọ́ ọ, a ò sì jẹ́ dáhùn, títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àlàájà, ẹ ò dá a lóhùn, àbí?”

Ó tún bi í, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń bi ọmọdé léèrè ohun tó gbé mì: “Ẹ ò dá a lóhùn, àbí?”

“Ìyá mi ló pè mí, Bàbá. Mo ní, ‘Mo ń bọ̀, Màámi.’”