Èmi Ni Mo Yí Wáyà Sípíkà Ìyá Padà

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ó ti di ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí sínú. Mi ò sọ fún ọkọ mi, mi ò sọ fún ìyá tó bí mi. Ẹnì kan tí mo pàdé lọ́jà ìlú Ara lóṣù tó kọjá ló jẹ́ kí n pinnu pé màá sọ ọ́.

Télọ̀ ni mí ní Èjìgbò. Àbíjàn ni ọkọ mi ti ń ṣòwò, èmi àti ìyá wọn la jọ ń gbé. Eékún ń dun Ìyá, etí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn mọ́. Nígbà tí ọkọ mi wálé, wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n oní-rìmóòtù kan bọ̀, pẹ̀lú sípíkà ńlá kan tó ń gba iná fúnra rẹ̀, kí Ìyá lè máa gbọ́ wáàsí dáadáa láìdìde lórí àga.

Bọ̀ọ̀dá Mùfú, tó ń tún rédíò ṣe ládùúgbò wa, ló bá wa so wọ́n pọ̀. Wọ́n fi ihò méjì tó wà lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n hàn mí. Bí wáyà sípíkà bá wà nínú ti ọ̀tún, rìmóòtù yóò lè gbé ohùn sókè, yóò sì lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bó bá wà nínú ti òsì, rìmóòtù ò ní lè ṣe nǹkan kan sí i, àfi kí èèyàn lọ yí bọ́tìnnì ara sípíkà. Wọ́n ní, "Ìyàwó, ọ̀tún ni o. Nítorí ẹsẹ̀ Ìyá ni."

Láti ọjọ́ náà, bí Ìyá bá ń fẹ́ omi, wọn kì í pè mí mọ́. Ohùn tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa ń gbé sókè, tí ilé á máa mì, títí màá fi dìde nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Àwọn oníbàárà mi á máa rẹ́rìn-ín. Ó ń bí mi nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé, mi ò kórìíra wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, nígbà tí Ìyá lọ ṣe àlùwàlá, mo yọ wáyà náà lọ́tùn-ún, mo sì kì í bọ ihò ti òsì. Mo rẹ ohùn sípíkà sílẹ̀, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Mo rò pé wọ́n á wá pè mí ni.

Wọn ò pè mí. Wọ́n tẹ rìmóòtù títí, kò gbọ́. Wọ́n dìde láti lọ yí bọ́tìnnì fúnra wọn, wọ́n sì ṣubú. Egungun ìbàdí wọn kán. Títí di òní, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn.

Àbúrò ọkọ mi ló lọ pe Bọ̀ọ̀dá Mùfú wá. Wọ́n wo ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Ibí kọ́ ni mo ki wáyà yìí sí." Àbúrò ọkọ mi yíjú sí mi, ó bi mí bóyá mo fọwọ́ kàn án.

Mo ní, "Rárá o, mi ò débẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà tàn káàkiri pé Bọ̀ọ̀dá Mùfú ló ki wáyà síbi tí kò yẹ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé rédíò wọn kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá Mùfú lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Nígbà tó yá, wọ́n kó kúrò nílùú. Mo rí i, mo dákẹ́. Èmi ni mo ń wẹ Ìyá, èmi ni mo ń gbé wọn dìde, wọ́n sì ń sọ fún gbogbo àlejò pé ìyàwó bíi tèmi ṣọ̀wọ́n.

Lóṣù tó kọjá, mo lọ ra gàrí ní Ara. Mo bá Bọ̀ọ̀dá Mùfú níbẹ̀, wọ́n ń sọ ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Mo fẹ́ yà, ṣùgbọ́n wọ́n ti rí mi. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè àwọn ọmọ, wọ́n wá béèrè ẹsẹ̀ Ìyá. Mo ní a dúpẹ́.

Wọ́n ní, "Mo ti rò ó títí, Ìyàwó. Ó jọ pé òsì ni mo ki wáyà yẹn sí lóòótọ́. Ojú mi ló tàn mí. Ìdí tí mo fi pa iṣẹ́ tì nìyẹn. Bá mi bẹ Ìyá."

Mo gbé gàrí mi, mo sì padà sílé. Irọ́ mi ti mú kí wọ́n má gba ojú ara wọn gbọ́ mọ́.

Mo ti tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí ẹní ìkírun, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ èèyàn méjì ṣì wà lọ́rùn mi. Ọkọ mi ń bọ̀ wálé lóṣù tó ń bọ̀. Màá sọ ọ́ lójú wọn. Bí wọ́n bá ní kí n lọ, màá lọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ dé Ara pẹ̀lú.

Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bi yín bóyá kí n sọ ọ́ tàbí kí n má sọ ọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ta ló tọ́ kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún? Ṣé Ìyá tí mo dá lẹ́sẹ̀ ni, àbí ọkùnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá? Ẹ tètè dá mi lóhùn.